Ìdí Tí Ìyá Aránṣọ Kò Fi Jẹ Oúnjẹ Olúwa

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ìyá Aránṣọ fi ránṣọ fún ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Òun ló rán ẹ̀wù àwọn akọrin, òun ló rán aṣọ funfun tí wọ́n ń tẹ́ sórí tábìlì Olúwa, òun náà ló ń fọ̀ ọ́, tó ń lọ̀ ọ́, tó sì ń tẹ́ ẹ. Yàrá méjì ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí onítáyà ní ṣọ́ọ̀bù sísàlẹ̀ rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nítorí ojú rẹ̀ kò gbà á mọ́ láti ki òwú bọ abẹ́rẹ́ níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó. Bí onítáyà bá ń lu irin nísàlẹ̀, ẹ̀rọ náà á máa gbọ̀n. Ìyá Aránṣọ a sì máa sọ fún àwọn akọrin pé, "Èmi àti onítáyà la jọ rán ẹ̀wù yín. Bí ẹ bá rí ibi tó wọ́, òun ni kí ẹ bi."

Bàbá Onílẹ́tà ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ rẹ̀. Iṣẹ́ kíkó lẹ́tà láti ilé dé ilé ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn náà ni ìjọ fi í ṣe ẹni tí yóò máa ka Ìwé Mímọ́ láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi. Bó ti ń jíṣẹ́ lẹ́tà náà ló ń kàwé: kò bu iyọ̀ sí i, kò sì yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá bi í pé kí ni ẹsẹ kan túmọ̀ sí, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Lẹ́tà ni mo mú wá. Ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí ni kó tú u." Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Iṣẹ́ iná mànàmáná lọmọ náà ń ṣe, ó sì jẹ́ díákónì nínú ìjọ kan náà, nítorí náà Díákónì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, títí kan ìyá tó bí i nígbà tó bá fẹ́ bá a ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Onílẹ́tà ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn kẹrin bí ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà. Kò dìde mọ́. Onítáyà ló kọ́kọ́ rí i. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹnu rẹ̀ ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú rẹ̀ sì là láìwo ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́bàá ògiri ní wọ́ọ̀dù àwọn tó wà lẹ́sẹ̀ kan ayé, ẹsẹ̀ kan ọ̀run. Wọ́n ti rọ́bà bọ̀ ọ́ lẹ́nu dé ọ̀nà ọ̀fun, ẹ̀rọ kan sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú. Bí àyà rẹ̀ ṣe ń lọ sókè, tó ń sọ̀ sílẹ̀, ọ̀kan kò gùn ju èkejì lọ. Ìyá Aránṣọ mọ ìró yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ tirẹ̀ ṣe ń lọ nígbà tó bá ń rán ọ̀nà tó tọ́, tí kò sí ìtẹ̀ kankan níbẹ̀.

Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí kì í sáré sọ̀rọ̀. Ó mú ìyá àti ọmọ jókòó sórí àga onígi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ ti ya sínú ọpọlọ Bàbá, pé ibi tó bàjẹ́ ni ibi tí ènìyàn fi ń mọ ara rẹ̀, tó sì fi ń mọ aya àti ọmọ. Kò ní padà wá. Ẹ̀rọ yìí kò wò ó sàn, ó kàn ń dá a dúró ni. Bí ẹbí bá fẹ́, wọ́n lè yọ ọ́, kí wọ́n máa fún un ní oògùn tí kò ní jẹ́ kó jẹ̀rora.

"Bí a bá yọ ọ́, á kú lójú ẹsẹ̀?" Díákónì bi í.

"Ó lè jẹ́ wákàtí kan. Ó lè mí fúnra rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ibi tó ń lọ náà ló ń lọ."

Ìyá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọmọ kò gbọ́ ju "bí ẹbí bá fẹ́" lọ. Dókítà ò tíì dé òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Màmi, iná ni iṣẹ́ mi. Bí wọ́n bá pè mí pé kí n wá gé wáyà tó so mọ́ ẹ̀mí ènìyàn, ṣé ẹ ó ní kí n lọ?"

"Mi ò ní."

"Ẹ wá fẹ́ fọwọ́ sí i pé kí ẹlòmíì lọ gé e."

"Mi ò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan, ọkọ mi. Mo jókòó ni."

"Ọba kan wà nínú Ìwé Mímọ́ tí wólìí sọ fún pé kó palẹ̀ ilé ẹ̀ mọ́, pé ó ń kú lọ. Ọba kọjú sí ògiri, ó sunkún, Ọlọ́run sì fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún un. Ògiri nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá mi. Lásárù ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́rin!"

Ìyá Aránṣọ gbé ojú sókè. "Lásárù ti kú kí Olúwa tó dé. Wọ́n sin ín, wọ́n sunkún. Ohun tí Olúwa fẹ́ ṣe, ó ṣe é láìsí rọ́bà lẹ́nu ẹnikẹ́ni."

"Ẹ má fi Ìwé Mímọ́ ṣàwàdà, Màmi."

"Èmi? Ọmọ yìí, ta ló kọ́ ẹ ní kíkà á?"

Díákónì dìde, ó lọ. Kì í ṣe pé ó rí ìyá rẹ̀ fín. Ẹkún ló ń bọ̀, kò sì fẹ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì rí i.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà ṣòro ni pé Bàbá Onílẹ́tà kò sọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó kó lẹ́tà gbogbo ènìyàn délé, òun fúnra rẹ̀ kò kọ ìlà kan nípa bí ó ṣe fẹ́ lọ. Ìyá Aránṣọ tú àpótí rẹ̀, ó tú ìwé tó máa ń da ẹsẹ Ìwé Mímọ́ kọ sí kó tó lọ kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹsẹ Ìwé Mímọ́ nìkan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àmì kékeré níbi tí yóò ti dánu dúró mí.

Ó lọ bá pásítọ̀. Yàrá kékeré kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń kó ẹ̀wù akọrin sí ni pásítọ̀ fi ṣe ọ́fíìsì, àga méjì péré ló gbà. Ọkùnrin náà kò ní irọ́ lẹ́nu.

"Màmá, gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí ni mo ti ń ṣí Ìwé yìí síwájú, tí mò ń ṣí i sẹ́yìn. Ó ní ká má pànìyàn. Ó ní ìgbà wà fún ikú. Kò sọ fún mi èyí tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí bọ́ sí nínú méjèèjì."

"Ẹ sọ èyí tó wà lọ́kàn yín."

Pásítọ̀ pa Ìwé náà dé. "Mo rò pé kí ènìyàn tú ọwọ́ lára ẹni tó ń lọ kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú kó tì í. Èrò mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni màá fọwọ́ sí i."

"Ẹ ṣé. Ó dáa kí ènìyàn tètè mọ ẹni tí kò ní bá òun gbé ẹrù."

Pásítọ̀ dorí kodò. Lẹ́yìn tí obìnrin náà jáde ló tó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti dun òun tó.

Kì í ṣe pásítọ̀, kì í sì í ṣe dókítà, ló mú Ìyá Aránṣọ pinnu. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ń fi aṣọ tútù nu ètè ọkọ rẹ̀ tó ti bó nídìí rọ́bà. Ó wá gbé aṣọ tí wọ́n fi bò ó kúrò láti nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì rí i pé wọ́n ti fi báńdéèjì so ọwọ́ méjèèjì mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún un jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé ọwọ́ a máa gbéra lọ síbi rọ́bà nígbà mìíràn, pé kì í ṣe pé Bàbá mọ̀ ọ́n ṣe, ara ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá Aránṣọ wo kókó báńdéèjì náà. Ẹni tó so ó mọ̀ ọ́n so: ó le, kò sì ge ẹran ara. Ó wo ọwọ́ tó ti kan ilẹ̀kùn gbogbo àdúgbò. Ó ní, "Ẹ bá mi pe dókítà."

Díákónì kò wá lọ́jọ́ tí wọ́n yọ ẹ̀rọ. Ó ránṣẹ́ pé òun ń gbààwẹ̀ nílé. Ìyá Aránṣọ dá jókòó ti ọkọ rẹ̀, wọ́n yọ rọ́bà, wọ́n tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, yàrá náà sì pa rọ́rọ́. Bàbá Onílẹ́tà mí. Ó dúró. Ó tún mí. Ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú, kò kú. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ṣì ń mí, ìmí tó ń já bí okùn, tó sì tún ń so.

Ni ìròyìn bá gba ìjọ kan. Díákónì sáré wá pẹ̀lú àwẹ̀ lẹ́nu, ó dojúbolẹ̀ lórí símẹ́ńtì wọ́ọ̀dù, ó ń sunkún ayọ̀. "Màmi, ẹ wò ó! Wọ́n yọ ẹ̀rọ, Ọlọ́run fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ́pò! Ẹ wo bí Ó ṣe dójú ti dókítà!"

"Dókítà sọ pé ó lè rí báyìí."

"Nígbà wo ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ jókòó níbẹ̀, ọmọ mi."

Kò rántí. Ayọ̀ ti di etí rẹ̀. Ẹgbẹ́ aládùúrà wá, wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì ká, nọ́ọ̀sì sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fohùn jẹ́jẹ́ nítorí àwọn aláìsàn tó kù. Ní ọjọ́ ìsinmi, wọ́n jẹ́rìí sí i nínú ìjọ. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìkéde pé ní ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, gbogbo ìjọ yóò ṣe ìdúpẹ́ fún àjíǹde Bàbá Onílẹ́tà. Pásítọ̀ rí ọ̀rọ̀ náà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ó mú bírò lọ́wọ́, ó fẹ́ fa ìlà sí "àjíǹde". Ó wo ojú Díákónì tó gbé ìwé náà wá, ó sì dá bírò padà sápò.

Wọ́n ní kí Ìyá Aránṣọ rán ẹ̀wù funfun fún ọkọ rẹ̀, èyí tí wọn yóò fi ya fọ́tò rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì fún ìdúpẹ́ náà. Ó mú téèpù lọ sí ilé ìwòsàn. Àádọ́ta ọdún dín díẹ̀ ló ti ń wọn ara ọkùnrin yìí, èjìká rẹ̀ wà lọ́kàn rẹ̀ bí orúkọ. Téèpù sọ nǹkan mìíràn. Ó padà sílé, ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó la ẹ̀yìn ẹ̀wù náà láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, ó sì fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta sí i.

Díákónì dé bá a lórí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìyá yìí ló dàgbà sí, ó mọ ìdí tí wọ́n fi ń la ẹ̀yìn ẹ̀wù.

"Màmi, irú aṣọ wo nìyí?"

"Ẹ̀wù bàbá ẹ."

"Ẹ̀wù òkú ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bàbá mi ń mí, ẹ wá ń ránṣọ òkú fún un? Ìjọ ń dúpẹ́, ẹ̀yin ń..."

"Mo wọn ọrùn rẹ̀ láàárọ̀ yìí," ni ìyá wí, kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Èmi náà ń gbàdúrà, Díákónì. Àwọn àdúrà mìíràn wà tí ènìyàn fi ń ránṣọ ni."

Bàbá Onílẹ́tà kú ní ọ̀sán ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n yọ ẹ̀rọ, ọjọ́ mẹ́ta kí ìdúpẹ́ tó pé. Ìyá Aránṣọ ń sọ fún un nípa onítáyà tó ra ajá tuntun tí kì í gbó. Ó dúró kí ìmí tó kàn dé. Ó dúró pẹ́. Nígbà tó yá, ó parí ìtàn ajá náà, nítorí pé ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ló pe nọ́ọ̀sì.

Ìwé ìkéde ti jáde. Ní ọjọ́ ìsinmi, wọ́n pín in bẹ́ẹ̀, wọ́n fi bírò fagi lé ìdúpẹ́, wọ́n kọ ìsìnkú sókè rẹ̀. Pásítọ̀ dúró lórí pẹpẹ, ó ní, "Mo kánjú. Mo mọ̀ pé mò ń kánjú, mo sì dákẹ́. Ẹ dárí jì mí." Àwọn kan rò pé opó ló ń bẹ̀, àwọn kan rò pé Ọlọ́run ni. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ aládùúrà ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, bí iṣẹ́ ìyanu bá ti dé tán, tí ẹnìkan sì ń ránṣọ òkú sílẹ̀ dè é, kí ni kò ní lé e lọ?

Lẹ́yìn ìsìnkú ni Díákónì sọ tirẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, kò wọlé. "Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi mí fúnra ẹ̀, Màmi. Agbára wà nínú bàbá mi. Ká ní ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ bá a gbé e díẹ̀ sí i ni, bóyá ì bá ti sinmi, kó sì dìde. Ẹ kò dúró. Mi ò lè parọ́ fún yín, ó wà lọ́kàn mi." Ìyá fẹ́ rán an létí ọ̀rọ̀ dókítà. Ó wò ó, ó rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ dókítà ló ń béèrè. Òun náà kò kúkú lè fi gbogbo àyà sọ pé irọ́ ni ọmọ náà ń pa. Àwọn ọ̀sán mìíràn wà tí òun fúnra rẹ̀ ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ìjọ yìí ní àṣà kan tí wọn kì í fi ṣeré. Ní ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ oṣù, kí wọ́n tó bu àkàrà Olúwa, pásítọ̀ á ní kí ẹni tí arákùnrin tàbí arábìnrin rẹ̀ bá ní ohun kan sí i nínú dìde lọ bá a. Á wá dákẹ́, ìdákẹ́ gígùn. Àwọn ènìyàn á dìde láti àga dé àga, wọn á bọ ara wọn lọ́wọ́, àwọn mìíràn á sunkún. Ẹni tí kò bá tíì parí ìjà, kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Àwo á wá bá ènìyàn lórí ìjókòó, onítọ̀hún á sì mi orí.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé ìsìnkú, Ìyá Aránṣọ lọ aṣọ tábìlì Olúwa, ó tẹ́ ẹ, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì bára mu. Ó padà lọ jókòó sí àga ẹ̀yìn pátápátá, lápá òsì. Nígbà ìdákẹ́, ó dìde, ó rìn dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ níwájú, ó na ọwọ́ sí i. Díákónì bọ̀ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó sì sọ̀rọ̀ sí i létí pé, "Kò tíì tán, Màmi." Ìyá padà síbi tó ti wá. Nígbà tí àwo dé, ó mi orí. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní oṣù kejì, àti ní oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, arúgbó tí ohùn rẹ̀ ti lọ ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ ṣì wà. Ó wá gba ẹ̀wù, ó sì jókòó tì í.

"Ìwọ lo ń tẹ́ tábìlì, ìwọ lo kì í jẹun nídìí ẹ̀. Ṣé ìránṣẹ́ ni wọ́n fi ọ́ ṣe ni?"

"Mò ń ṣọ́ra jẹun."

"Ọmọ yẹn ló ní ẹ̀sùn, òun ni kó má jẹ. Kí ló kàn ẹ́?"

"Ó ní i sí mi. Bí a ṣe kà á fún wa nìyẹn. Ẹni tí wọ́n ní i sí ni kó dìde lọ."

"O sì ti lọ títí! Ẹsẹ̀ ẹ á kúrú. Jẹ́ kí n bá Díákónì yìí sọ̀rọ̀, mo gbé e pọ̀n rí."

"Má bá a sọ̀rọ̀." Ìyá Aránṣọ já òwú. "Bó bá ní ó tán nígbà tí kò tán, irọ́ ló ń fi bọ́ mi yẹn."

Gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, apá ọ̀tún ni Díákónì ń gbé àwo gbà. Díákónì kejì, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń kun ọ̀dà, ló ń gba apá òsì. Ní oṣù kẹrin, akunlé náà já bọ́ lórí àkàbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú símẹ́ńtì dókítà. Díákónì nìkan ló kù. Òjò ń rọ̀, àwọn ènìyàn kò pọ̀. Ìyá dìde nígbà ìdákẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ọmọ mi orí kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá, ìyá sì yí padà láàárín ọ̀nà.

Díákónì gbé àwo yí apá ọ̀tún. Ó bọ́ sí apá òsì. Àga kan, àga kejì. Ó dé ẹ̀yìn.

Ìyá kò gbé orí sókè. Ó ń retí kó kọjá. Kò kọjá.

"Màmi."

"Máa lọ, ọkọ mi. Wọ́n ń dúró dè ẹ́."

"Ẹ mú un."

"Ṣé ó ti tán?"

Omi òjò ń kán sí ojú fèrèsé, pásítọ̀ ń wo ẹ̀yìn láti iwájú. Díákónì ì bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Gbólóhùn kan péré ni, ìyá rẹ̀ ì bá sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Kò tíì tán," ló wí. "Mò ń jí pẹ̀lú ẹ̀ láràárọ̀."

"Èmi náà ń jí pẹ̀lú ẹ̀."

Ó wo ìyá rẹ̀ nígbà náà, tààrà sí ojú, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ìyá ti di tẹ́ẹ́rẹ́. Ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ti tóbi jù fún un, obìnrin tí kì í jẹ́ kí ọrùn ẹ̀wù ẹnikẹ́ni tóbi jù.

"Ẹ̀yin náà, Màmi?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé ìwọ nìkan ni?"

Díákónì dúró pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó gbé àwo náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́ sórí àga tó ṣófo níwájú wọn, ó sì jókòó ti ìyá rẹ̀. Òun tó ti ń gbé àwo yìí fún ọdún mẹ́jọ, tó sì ń jẹ nínú rẹ̀ lóṣooṣù, kò mú nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìjọ dúró. Àwọn kan yíjú. Pásítọ̀ sọ̀kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó rìn gba àárín wá, ó gbé àwo náà fúnra rẹ̀, ó sì fi fún àwọn tó kù ní ìlà náà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì, wọ́n jọ mi orí. Ó kọjá.

Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí ìsìn fi parí, èjìká kan èjìká.